Irin Ni Ọ̀fun Ìbọn, Igi Ni Àyà Rẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé mi. Kí ẹni tí ó ní obì lẹ́nu jẹ ẹ́ tán, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe èyí tí a ń jẹun gbọ́. Ẹ ti bi mí léèrè lọ́pọ̀ ìgbà pé kí ló dé tí èmi Ọdẹ́níyì, tí mo ti pa ẹfọ̀n, tí mo ti pa ìkookò, tí mo ti wo ẹkùn lójú títí tí ẹkùn fi kọ́kọ́ yí ojú kúrò, kí ló dé tí mo máa ń dúró sójú kan bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ mi láti ọ̀nà jíjìn, tí n ó gbé orí sókè, tí n ó máa tẹ́tí, tí n kò sì ní tètè dáhùn. Àwọn kan nínú yín ní etí mi ti ń di. Ṣàngódélé tí ó fẹ̀yìn ti ògiri yẹn tilẹ̀ sọ pé ìgbéraga ni. Mo gbọ́ ọ o, Ṣàngódélé, etí mi kò di. Òní ni n ó sọ ìdí rẹ̀ fún yín, ìdí náà sì wà nínú ìbọn tí mo gbé lé itan yìí, ìbọn àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi tò pọ̀ nígbà tí n kò tíì mọ̀ ju pé ẹnu rẹ̀ ni kí n má ṣe kọ sí ara mi.

Ọdẹ́ṣínà ni orúkọ baba mi. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá a láyé, ẹ̀yin ni ẹ pàdánù. Ọkùnrin náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọ ilé ara rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìbọn rẹ̀ ni ó máa ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ pé kò sí ìbọn méjì tí ohùn wọn jọra. Bí ìbọn bá dún nínú igbó, ìyàwó ọdẹ kọ̀ọ̀kan mọ tirẹ̀. Bí baba mi bá ń ti oko ọdẹ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ó bá dé etí odò Àgbáṣà, yóò yin ìbọn kan sójú ọ̀run. Ohùn ìbọn náà a jinlẹ̀, a sì ní ìkùn díẹ̀ ní ìparí, bí àgbàlagbà tí ó jẹun yó tí ó ń tú ìmí. Bí ó bá ti dún báyìí, Àwẹ̀ró ìyá mi yóò dìde, yóò gbé omi ìwẹ̀ kaná, yóò tún gèlè rẹ̀ wé. Kí omi náà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, a ó gbọ́ ohùn baba mi fúnra rẹ̀ ní ẹ̀yìn ọgbà pé, "Àlàní o!" Èmi ni Àlàní. Èmi ni n ó sáré lọ gba àpò. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: mo ti jẹ oyin inú igbó, mo ti mu ẹmu ìdí ọ̀pẹ, n kò tíì rí ohun tí ó dùn tó kí a pe ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Ní ọjọ́ kan, ó wọ igbó Afohùnpamọ́ lọ, kò sì padà wá. Àwọn ọdẹ wá a títí, ó sú wọn. Lẹ́yìn òjò kan àti ọ̀gbẹlẹ̀ kan, wọ́n rí irin ìbọn rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà inú igbó náà, ikán ti jẹ igi rẹ̀ tán. Kò sí egungun, kò sí aṣọ, kò sí bàtà. Wọ́n kó àwọn irin náà sínú àpò ìdọ̀họ, wọ́n gbé e wá fún ìyá mi, wọ́n ní kí ó gbà kí wọn ṣe ìṣípà, ìyẹn ètùtù ìdágbére tí àwa ọdẹ máa ń ṣe, tí a ó kó ẹrù ọdẹ ẹni tí ó kú lọ sínú igbó pẹ̀lú orin, kí ó lè mọ̀ pé òun kò sí nínú ẹgbẹ́ wa mọ́, kí ó sì lọ ní àlàáfíà. Ìyá mi wo àpò náà. Ó ní, "Bí ẹ bá gbé òkú rẹ̀ wá, n ó sunkún. Irin ni ẹ gbé wá. Èmi kò sọ pé irin sọnù lọ́wọ́ mi, ọkọ ni mo ń wá." Ó yí ẹ̀yìn padà, ó gbé omi kaná. Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ kan kò kọjá kí omi má gbóná nílé wa, kí ó sì tutù láìjẹ́ pé ẹnìkan wẹ̀ ẹ́. Kò jẹun bí ó ti yẹ mọ́. Bí ẹ bá da omi sí egungun ọrùn rẹ̀ nígbà náà, omi náà kò ní dànù.

Èmi ní tèmi, mo dàgbà, mo fẹ́ di ọdẹ, mo sì ronú bí ọ̀dọ́ ṣe ń ronú. Mo ní bí ìyá mi bá lè gbọ́ ohùn ìbọn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, inú rẹ̀ yóò dùn, yóò sì jẹun. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo gbé àpò irin náà lọ sí ilé arọ, lọ́dọ̀ Baba Ògúndíjọ alágbẹ̀dẹ, mo tú u sílẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀: ọ̀pá irin gígùn tí ó jẹ́ ẹnu ìbọn, òòlù kékeré tí ń gbá iná, irin tí a ń fi ìka fà, àwọn ìdè, àti ọ̀pá tí a fi ń ki ètù. Baba Ògúndíjọ wò wọ́n, ó ní, "Ta ni yóò tò ó?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "O ti tò ó rí?" Mo ní kí ni ó wà níbẹ̀ tí ọkùnrin kò lè ṣe? Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ẹwìrì fi ṣubú lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Nítorí pé ohùn ni mo ń wá, mo lọ gé igi ọ̀mọ̀, èyí tí àwọn onílù fi ń gbẹ́ ìlù. Mo ní igi tí ó ń mú awọ sọ̀rọ̀, kí ni yóò ṣe irin? Mo gbẹ́ ẹ, mo fi òòlù gbá irin wọ inú rẹ̀ gbì gbì gbì, mo de gbogbo rẹ̀ pinpin. Bí mo ti gbé e jáde, kò sí ẹni tí mo kí ládùúgbò, bẹ́ẹ̀ ni ìgbéraga gùn mí. Mo yìn ín. Ó dún "pẹ̀ẹ́!" Igi là sí méjì, mo fi ìdí jókòó sínú ẹrẹ̀, ewúrẹ́ kan tí ó ń jẹ èèpo iṣu níwájú mi kò tilẹ̀ gbé orí sókè. Mo gbọ́ tí ìyá mi ń béèrè láti ẹ̀yìn ilé pé, "Ta ni ó ń fọ́ agolo níbẹ̀ yẹn?"

Baba Ògúndíjọ wá fà mí dìde, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Àlàní, irin ni ọ̀fun ìbọn, igi ni àyà rẹ̀. Bí o bá gbé ọ̀fun baba rẹ lé àyà ẹlòmíràn, báwo ni yóò ṣe sọ̀rọ̀ bí baba rẹ? Igi apá ńlá kan wà láàárín igbó Afohùnpamọ́, ara rẹ̀ ni Ọdẹ́ṣínà ti gé igi ìbọn yìí nígbà tí òun náà jẹ́ ọ̀dọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tí ó rí níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ohùn rẹ̀ ni o fẹ́, ibẹ̀ ni kí o lọ. Ṣùgbọ́n rò ó dáadáa, nítorí wọn kò tíì ṣípà rẹ̀, a kò sì mọ ẹni tí irin yìí ń jẹ́ ìpè rẹ̀." Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ọdẹ bá ro ìyà tí ó jẹ nínú igbó, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. N kò ro nǹkan kan. Mo kó irin padà sínú àpò, mo fi igi ọ̀mọ̀ tí ó là lé e, mo mú àáké, ó di inú igbó.

N kò ní fi ẹsẹ̀ rírìn àti ebi dààmú yín, gbogbo yín ni ẹ ti rìn, gbogbo yín ni ebi ti pa. Ibi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ni mo ti pàdé ẹni àkọ́kọ́. Iwin kan ni, Bẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbọ̀n rẹ̀ fi ń wọ́ ilẹ̀, ahọ́n rẹ̀ sì gùn, ó ń fi lá erùpẹ̀ ọ̀nà. Ó jókòó sáàárín ọ̀nà, ó ní, "Ọmọ ènìyàn, kò sí ẹni tí ń kọjá níhìn-ín lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ni ó wà nínú àpò?" Mo ní baba mi ni. Ó ní, "Baba rẹ kéré o." Mo ní, "Ó kéré nínú àpò, ó tóbi nílé." Ó rò ó, ó mi orí, ó ní, "Ìwọ mọ ọ̀rọ̀ sọ. Fún mi ní ohun tí yóò dùn ọ́ jùlọ nínú àpò náà láti fi sílẹ̀. Adùn ẹkún ènìyàn ni ó máa ń wà lára irú nǹkan bẹ́ẹ̀, òun ni mo fẹ́ lá."

Ẹ wò mí dáadáa. Ṣé mo jọ òmùgọ̀? Mo jókòó sílẹ̀, mo tú àpò, mo ju òòlù kékeré síwájú rẹ̀ bí ẹni ju èkùrọ́. Mo ju àwọn ìdè náà síbẹ̀, mo ń súfèé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ mi kan igi ọ̀mọ̀ tí ó là sí méjì, mo gbá a mọ́ àyà, mo figbe ta. Mo ní, "Yéè! Kì í ṣe èyí! Èyí tí mo fi ọwọ́ mi gbẹ́! Èyí tí ó gbé mi jókòó sínú ẹrẹ̀ lójú ewúrẹ́!" Omi ń dà lójú mi, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún à á máa ríran, mo ń fi ojú kan wo ahọ́n rẹ̀ bí ó ti ń mì. Kí n tó pa ẹnu dé, ó ti já igi náà gbà, ó ti fi eré sá wọ inú igbó, mo ń gbọ́ bí ó ti ń lá a. Mo kó irin mi jọ, mo nu ojú, mo kọjá. Mo rò pé mo ti mọ bí a ṣe ń bá àwọn ará igbó náà dúnàádúrà nìyẹn.

N kò tíì rẹ́rìn-ín tán nígbà tí ẹfọ̀n kan jáde sí mi. Àwọn ọdẹ inú yín mọ̀ pé ẹfọ̀n kì í béèrè orúkọ ẹni. Irin ìbọn wà lọ́wọ́ mi, ìbọn kò sí. Mo fò mọ́ igi kan, ó kan igi náà, igi mì, ó fa etí aṣọ mi ya. Mo rí i pé bí ó bá kan án lẹ́ẹ̀kan sí i, èmi àti igi ni a ó jọ wó. N kò mọ ohun tí n ó ṣe. Mo kàn fa ọ̀pá irin gígùn yẹn yọ nínú àpò, mo fi ẹnu sí i, mo fun ún bí fèrè. Ẹ̀yin ènìyàn, ohùn tí ó jáde níbẹ̀ kò ga, kò sì pariwo. Ó jinlẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó dà bí ẹni pé ẹnìkan ń ráhùn nínú kànga. Ẹfọ̀n náà dúró. Ó gbé etí sókè. Lẹ́yìn náà ó yí padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Èmi fúnra mi jókòó sórí ẹ̀ka, mo ń sunkún, ẹkún gidi lọ́tẹ̀ yìí, nítorí ìkùn tí ó wà ní ìparí ohùn náà, mo mọ̀ ọ́n.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ pé, "Ta ni ó ń fun ọ̀fun Ọdẹ́ṣínà láìsí àyà?"

Mo wo ilẹ̀. Ẹ̀dá kan dúró níbẹ̀ tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Kò ní ojú, kò ní imú. Etí ni ó kún orí rẹ̀, etí ńlá, etí kékeré, etí bíi ti ehoro, etí bíi ti ọmọ ìkókó, gbogbo wọn ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní Etíkúnjù ni wọ́n ń pe òun, òun ni ó ni igbó Afohùnpamọ́, ohùn yòówù tí ó bá dún nínú igbó náà, ọ̀dọ̀ òun ni ó ń sùn. Ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Ẹ kú ilé o, bàbá. Ọmọ Ọdẹ́ṣínà ni mí. Igi ni mo wá tọrọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi, níbo ni baba mi wà?"

Gbogbo etí rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Ọmọ, etí ni mo ní, n kò ní ojú. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó ti ń bọ̀. Mo gbọ́ tí ó wúkọ́. Mo gbọ́ ìbọn rẹ̀. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ohun tí n kò gbọ́, n kò lè sọ ọ́. Bí o bá fẹ́ igi mi, dá mi lóhùn: kí ni ó máa ń ti igbó dé ilé ṣáájú olówó rẹ̀?"

Mo ní, "Ìró ìbọn ọdẹ ni."

Ó ní, "Ó yé ọ. Kí ni ó máa ń gbóná, tí ó máa ń tutù, tí a tún ń mú un gbóná, tí ẹni tí a torí rẹ̀ ṣe é kò dé?"

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bí a ti ń ro àlọ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà ti dé ọ̀fun mi kí n tó rò ó. Mo ní, "Omi ìwẹ̀ baba mi ni." Mo ní, "Báwo ni ẹ ṣe mọ̀?" Ó ní, "Mo máa ń gbọ́ bí ó ti ń hó láti ibí yìí, ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo. Mo sì máa ń gbọ́ ọ nígbà tí ìyá rẹ bá dà á nù."

Ó mú mi dé ìdí igi apá náà. Ogún ọkùnrin kò lè dì mọ́ ọn. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ojú ọgbẹ́ àáké kan wà tí ó ti jinná, mo fi ọwọ́ kàn án, mo mọ̀ pé ọwọ́ baba mi ni. Etíkúnjù ní, "Ìhà ìlà-oòrùn, gé e lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbọn rẹ yóò ní ohùn tirẹ̀, yóò sì sìn ọ́ títí ayé rẹ. Ìhà ìwọ̀-oòrùn, bí o bá gé e níbi tí baba rẹ ti gé e, ìbọn náà yóò sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn baba rẹ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó tó mú ohùn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ni oúnjẹ mi. Ìwọ náà yóò fún mi ní ohùn kan, èyí tí yóò dùn ọ́ jùlọ láti pàdánù."

Mo rántí Bẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo wólẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé, "Yéè, ẹ má gba ohùn odó ìyá mi! Ẹ má gba bí ó ti ń gún iyán!" Mo ké, mo yí ilẹ̀. Etíkúnjù jẹ́ kí ó rẹ̀ mí. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó fi etí kan lé mi láyà, ó tẹ́tí díẹ̀, ó la ẹnu. Ó ní, "Àlàní o!"

Ohùn baba mi ni. Kò yàtọ̀ rárá. Mo dìde lójijì, mo ti ń na ọwọ́ láti gba àpò kí n tó rántí ibi tí mo wà. Etíkúnjù ní, "Ẹni tí ń lá erùpẹ̀ ni o tàn jẹ. Èmi ń gbọ́ ohun tí ó ń dún nínú rẹ. Èyí ni mo fẹ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, mo jókòó sídìí igi náà pẹ́. Ó wù mí kí n gé ìhà ìlà-oòrùn kí n sì máa lọ. Ohùn yẹn ni gbogbo ohun tí baba mi fi sílẹ̀ fún mi; mo máa ń gbọ́ ọ kí n tó sùn, mo máa ń gbọ́ ọ bí mo bá wà lóko lémi nìkan. Ṣùgbọ́n mo rántí egungun ọrùn ìyá mi. Mo rántí omi tí ó ń dà nù. Èmi ní ohùn kan tí mo ń gbọ́, òun ń tẹ́tí láti ọjọ́ yẹn, kò gbọ́ nǹkan kan. Mo bẹ Etíkúnjù pé kí ó pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó gbà á. Ó pè mí. Mo dáhùn pé, "Ẹ kú àbọ̀, bàbá." Lẹ́yìn náà ó fi etí bo àyà mi, ó fà á bí a ti ń fa omi ọsàn, kò tilẹ̀ dùn mí. Nígbà tí mo wá a nínú orí mi, mo rí baba mi ní ẹ̀yìn ọgbà, mo rí bí ó ti la ẹnu, ṣùgbọ́n kò sí ohùn kankan níbẹ̀ mọ́. Mo gbé àáké, mo gé igi níbi ọgbẹ́ àtijọ́ náà.

Nígbà tí mo padà dé ilé arọ, Baba Ògúndíjọ gba igi náà lọ́wọ́ mi. Ó wo ojú mi, ó wo igi, ó ní, "Lọ ha dúdú ìdí ìkòkò wá." Mo wọ ilé lọ, ìkòkò kan ṣoṣo ni ó ní dúdú tí ó nípọn, èyí tí ìyá mi fi ń gbé omi kaná ní ìrọ̀lẹ́. Mo ha á sínú ewé. Baba Ògúndíjọ kọ́ mi bí a ti ń fi dúdú náà pa irin lára, tí a ó gbé e lé igi jẹ́jẹ́, tí a ó tún gbé e kúrò. Ibi tí igi bá ti dúdú, ibẹ̀ ni ó ti ń kọ irin, ibẹ̀ ni kí a fá díẹ̀. Ó ní, "Ìjọsí o fi òòlù gbá a. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Mo pa á, mo gbé e lé e, mo fá a, mo tún pa á, ọwọ́ mi dúdú, aṣọ mi dúdú, títí ọjọ́ kan tí irin wọ inú igi láìjẹ́ pé mo tì í, ó kàn jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí ó ti rìn jìnnà tí ó dé ilé. Mo de àwọn ìdè rẹ̀. Baba Ògúndíjọ yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ó di ìbọn."

Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ sí etí odò Àgbáṣà. Mo dúró níbi tí baba mi máa ń dúró sí, mo kọjú ìbọn sójú ọ̀run, mo fà á.

Ó dún. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó dún! Ó jinlẹ̀, ó gba orí omi kọjá, ó sì kùn ní ìparí bí àgbàlagbà tí ó jẹun yó. Àwọn tí ń bọ̀ láti oko sọ ẹrù kalẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnìkan pariwo ní òdìkejì odò pé, "Ọdẹ́ṣínà!" Mo gbé ìbọn lé èjìká. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé.

Ìyá mi ti wà ní ẹ̀yìn ọgbà kí n tó dé. Ó ti wé gèlè tuntun, ó ti bọ́jú, ó ti fi òróró pa apá. N kò rí i kí ó dúró gbọnrangandan bẹ́ẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ó rí mi. Ó rí ìbọn léjìká mi. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó wò ó pẹ́, bóyá ẹnìkan ń bọ̀ lẹ́yìn. Ojú ọ̀nà ṣófo. Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí mo ti ṣe fún un, ó sì wù mí kí ilẹ̀ gbé mi mì.

Ó sún mọ́ mi, ó gbé ọwọ́ lé irin ìbọn náà, ó ṣì gbóná. Ó ní, "Ohùn rẹ̀ ni."

Mo ní, "Ohùn rẹ̀ ni, ìyá mi."

Ó fi àtàńpàkò pa ara igi náà, dúdú díẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó wò ó, ó dá a mọ̀. Ó ní, "Ọdẹ tí ó wà láàyè kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn yin ìbọn rẹ̀." Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀, èyí tí kò dà láti ọjọ́ tí wọ́n gbé àpò irin wá. Ó sunkún fún ọkọ rẹ̀ níbẹ̀, lórí ìdúró, ó di ìbọn náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, èmi sì di òun mú. Nígbà tí ó tán, ó fi etí aṣọ nu ojú, ó wò mí bí ẹni pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi. Ó ní, "Omi ti gbóná. Wọlé wá wẹ̀, ọdẹ."

Mo wẹ̀ ẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ òkèlè tí ó tó òkèlè. Ní òwúrọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó ránṣẹ́ sí àwọn ọdẹ pé kí wọ́n wá ṣípà Ọdẹ́ṣínà. Wọ́n kó aṣọ ọdẹ rẹ̀, fìlà rẹ̀ àti apó rẹ̀ wọ inú igbó lọ, wọ́n kọrin fún un títí ohùn wọn fi há. Ìbọn yìí nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo tún yìn ín, ohùn mìíràn ni ó jáde, èyí tí gbogbo yín mọ̀ yìí, tí ó mú bí ẹni tí inú ń bí. Ìyá mi gbọ́ ọ láti ilé, ó ní, "Ti ọmọ mi nìyẹn," ó gbé omi kaná. Títí ó fi fi ayé sílẹ̀, n kò ti igbó dé kí n má bá omi gbígbóná.

Ṣùgbọ́n n kò tíì sọ ohun tí ẹ béèrè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìṣípà yẹn, èmi àti òun jókòó sẹ́yìn ilé. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́ ìbọn rẹ̀, ó tó mi. Ohun kan ló kù. O mọ bí ó ti máa ń pè ọ́ lẹ́yìn ìbọn yẹn? Ohùn rẹ ti ń jọ tirẹ̀. Pè é fún mi kí n gbọ́." Mo la ẹnu. Mo wá a lókè, mo wá a nísàlẹ̀. Mo pa ẹnu dé. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún un, n kò sì sọ ọ́ títí ó fi kú. Ó rò pé ẹkún ni ó gbà mí lọ́fun, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Má dààmú, èmi náà mọ̀ ọ́n pè." Ó ká ọwọ́ mọ́ ẹnu, ó mú kí ohùn rẹ̀ nípọn, ó kọjú sí ẹ̀yìn ọgbà, ó ní, "Àlàní o!" Ó bi mí pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ìyá mi." Ohùn ìyá mi ni mo gbọ́.

Nítorí náà, Ṣàngódélé, kì í ṣe ìgbéraga. Etíkúnjù ti jẹ ohùn púpọ̀ láti ìgbà yẹn, ó lè ti yó, ó lè ti dá a padà. Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí láti ọ̀nà jíjìn, mo máa ń kọ́kọ́ tẹ́tí ná kí n tó jẹ́ ẹ. Ẹ má bínú sí mi. Bí ẹ bá pè mí tí n kò dáhùn, ẹ kàn pè mí lẹ́ẹ̀kejì.